Bí A Ṣe Ń Fi Ojú Ìwádìí Ka Ìwé Mímọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Òǹkàwé ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi ojú ìwádìí ka Bíbélì láti Jẹ́nẹ́sísì títí dé Ìfihàn, á ti sú u kó tó kúrò ní Léfítíkù. Lẹ́yìn náà, á lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á wá àkójọ àwọn ibi tí Bíbélì ti tako ara rẹ̀, á kà á lórí fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì gbà pé òun ti ṣèwádìí. Kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹnu pásítọ̀ ló ń wò tẹ́lẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn ló wá ń wò báyìí. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, ìbáà ṣe Kìrìsìtẹ́nì, Mùsùlùmí, oníṣẹ̀ṣe, tàbí ẹni tí kò sí nínú ẹ̀sìn kankan mọ́. Bíbélì la máa lò jù, nítorí òun ni irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ pọ̀ jù. Kùránì àti Ifá yóò tẹ̀lé e.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ẹ má fi bíró kan Bíbélì tí ìyá yín ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Mayfair tàbí Lágere, kí ẹ ṣe ẹ̀dà orí tí ẹ fẹ́ lò nìkan. Nǹkan méjì ló máa ń ba ẹ̀dà Bíbélì jẹ́. Àkọ́kọ́, bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ojú-ewé máa ń hàn síwájú bí òjìji. Ẹ fi bébà dúdú kan sẹ́yìn ojú-ewé náà kí wọ́n tó dé ẹ̀rọ, òjìji náà á lọ. Ìkejì, lẹ́tà rẹ̀ kéré. Bí Bíbélì yín bá jẹ́ ìwọ̀n A5, ẹ ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí 141 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ló ń sọ ọ́ di A4 gẹ́lẹ́, àyè á sì wà létí ìwé tí ẹ lè kọ nǹkan sí.

Ẹ wá Bíbélì Yorùbá méjì tí èdè wọn kò jọra: Bíbélì Mímọ́ àtijọ́ tó wà nílé, àti Bíbélì Mímọ́ ní Èdè Yorùbá Òde-Òní, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti yàtọ̀ síra gan-an, ẹ fi àmì síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ èdè Hébérù tàbí Gíríìkì ibẹ̀ le láti túmọ̀, tàbí kí àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ má fohùn ṣọ̀kan. Ẹ fi Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì kan tó ní àlàyé ìsàlẹ̀ ojú-ewé kún un. NRSV (New Revised Standard Version) dára fún èyí. Ìwé àkọsílẹ̀ kan, bíró búlúù, bíró pupa. Ó tán.

Ìwé àwọn oníyèméjì ńkọ́? Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Skeptic's Annotated Bible tí Steve Wells ṣe, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti King James síbẹ̀ látòkèdélẹ̀, ó wá fi àkíyèsí àti àmì sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ tó bá fura sí: ìtakora, ìwà ìkà, àìṣòdodo, ohun tí kò bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Kùránì náà. Ẹ wá a rí, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àmì yẹn kò ní lè ka ẹsẹ náà bíi pé kò rí i mọ́.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ kọ ìbéèrè kan sí ojú-ewé àkọ́kọ́. "Ṣé òótọ́ ni Bíbélì?" kò ṣeé ṣiṣẹ́ lé lórí, ó ti fẹ̀ jù. "Ẹranko mélòó mélòó ni wọ́n ní kí Nóà kó wọ ọkọ̀?" ṣeé dáhùn ní ọ̀sán kan.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó dá sí i

Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ kà á sókè. Etí ni wọ́n kọ ìwé wọ̀nyí fún, etí ló sì ń tètè gbọ́ ibi tí ìtàn ti fò tàbí tó ti pa dà sẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kà á sínú, kí ẹ ṣe bíi pé kò sí nọ́ńbà orí àti ẹsẹ níbẹ̀. Àwọn tó kọ ìwé náà kọ́ ló fi wọ́n síbẹ̀. Stephen Langton, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Canterbury, ni wọ́n ń ka pípín sí orí tí à ń lò lónìí sí lọ́rùn, ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Robert Estienne, atẹ̀wé ará Faransé, ló sì fi nọ́ńbà ẹsẹ tí à ń lò sínú Májẹ̀mú Tuntun, ní 1551. Wọ́n ṣàṣìṣe níbòmíràn: ẹsẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 2 jẹ́ ìparí ìtàn ọjọ́ méje tó wà ní orí 1, ìtàn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ 4. Ẹni tó bá tẹ̀lé nọ́ńbà kò ní rí i pé ìtàn méjì ló wà níbẹ̀, pé nínú èyí àkọ́kọ́ ẹranko ló ṣáájú ènìyàn, nínú ìkejì ọkùnrin ló ṣáájú, ẹranko tẹ̀lé e, obìnrin ló kẹ́yìn.

Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Ifẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀kan nínú ìtàn tí à ń gbọ́ ni pé Odùduwà fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ láti ọ̀run, lẹ́yìn tí Ọbàtálá mu ẹmu yó. Òmíràn ni pé láti Mẹ́kà ló ti wá. Samuel Johnson kọ ti Mẹ́kà sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. A mọ̀ pé ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ti jáde, a sì mọ̀ pé ìtàn tó dárúkọ Mẹ́kà, Ìsìláàmù ti dé etí ẹni tó ń sọ ọ́. Ojú kan náà ni kí ẹ fi wo Jẹ́nẹ́sísì.

Lẹ́ẹ̀kẹta ni bíró tó wọlé.

Bíró méjì lórí Ìkún Omi

Ẹ ṣe ẹ̀dà Jẹ́nẹ́sísì 6:9 títí dé 8:22. Níbi tí ẹ bá ti rí "Ọlọ́run", ẹ fi búlúù yí i ká. Níbi tí ẹ bá ti rí "OLÚWA", ẹ fi pupa. Àǹfààní ńlá ni Bíbélì Yorùbá ṣe wá níbí, nítorí kò da orúkọ méjèèjì pọ̀: níbi tí Hébérù ti kọ Elohim, ó kọ Ọlọ́run, níbi tí ó ti kọ lẹ́tà mẹ́rin orúkọ Ọlọ́run Ísírẹ́lì, ó kọ OLÚWA. Ẹ kò nílò Hébérù láti ṣe iṣẹ́ yìí.

Nísinsìnyí, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo iye. Ní 6:19 àti 20, Ọlọ́run ní kí Nóà kó méjì méjì nínú gbogbo ẹ̀dá alààyè. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹran mímọ́ àti aláìmọ́. Ní 7:2, OLÚWA ní kí ó mú méje méje nínú ẹran mímọ́, méjì nínú aláìmọ́. Òjò ogójì ọjọ́ wà ní 7:4, tí OLÚWA ń sọ̀rọ̀. Àádọ́jọ ọjọ́ wà ní 7:24, tí Ọlọ́run sì rántí Nóà ní ẹsẹ tó tẹ̀lé e. Ẹ wo 8:20: Nóà tẹ́ pẹpẹ fún OLÚWA, ó sì fi nínú gbogbo ẹran mímọ́ rúbọ. Bó bá jẹ́ méjì péré ló kó wọlé, ẹbọ yẹn ì bá ti pa irú wọn run. Ìtàn tó ní ẹbọ ni ìtàn tó ní méje.

Ẹsẹ 7:16 ni kí ẹ wò fínnífínní. Nínú ẹsẹ kan ṣoṣo, wọ́n wọlé bí Ọlọ́run ti pàṣẹ, OLÚWA sì ti ilẹ̀kùn mọ́ Nóà. Búlúù àti pupa pàdé níbẹ̀ bí aṣọ méjì tí wọ́n rán pọ̀, ojú abẹ́rẹ́ sì hàn.

Ẹ má fi èyí tì síbẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn àwọn onígbàgbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú: wọ́n ní 6:19 jẹ́ àṣẹ gbogbogbò, 7:2 wá ṣàlàyé rẹ̀ síwájú sí i. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ó lè gbé ọ̀rọ̀ iye, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí tí orúkọ fi ń yí padà nígbà tí iye bá yí padà. Ẹ kọ èyí tó ń da àlàyé ìtàn-méjì náà láàmú sílẹ̀ pẹ̀lú: ní 7:8 àti 9, ẹran mímọ́ àti aláìmọ́ wà níbẹ̀, síbẹ̀ méjì méjì ni wọ́n wọlé. Ibẹ̀ kò dán mọ́rán bí bíró ṣe fẹ́ kó rí, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jiyàn lé e. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ìwé jáde lórí ọgbọ́n orúkọ méjì yìí nínú Jẹ́nẹ́sísì, Jean Astruc, oníṣègùn ará Faransé, ní 1753, kò bá Mósè jà. Ó ń gbèjà rẹ̀ ni, ó ní Mósè ló kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ jọ.

Ìtàn kan, òpó méjì

Ibi tí ìwé méjì bá ti sọ ìtàn kan náà, ẹ pín ojú-ewé sí òpó méjì, kí ẹ kọ ọ́ ní ọ̀gbọọgba. Kíka Dáfídì ní àwọn ènìyàn ni àpẹẹrẹ tó mọ́ jù: Sámúẹ́lì Kejì 24 ní òsì, Kíróníkà Kìíní 21 ní ọ̀tún. Ta ló ti Dáfídì sí i? Ní òsì, OLÚWA, nínú ìbínú rẹ̀ sí Ísírẹ́lì. Ní ọ̀tún, Sátánì. Àwọn jagunjagun mélòó? Òsì: 800,000 ní Ísírẹ́lì, 500,000 ní Júdà. Ọ̀tún: 1,100,000 àti 470,000. Ìyàn ọdún mélòó? Méje, mẹ́ta. Èló ni Dáfídì san? Òsì: ṣékélì fàdákà 50 fún ilẹ̀ ìpakà àti màlúù. Ọ̀tún: ṣékélì wúrà 600 fún ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró síbí, tí wọ́n á pariwo pé "irọ́!" Ibí gan-an ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ara yín: èwo ló ṣáájú? Àwọn ọ̀mọ̀wé fohùn ṣọ̀kan pé lẹ́yìn ìgbèkùn Bábílónì ni wọ́n kọ Kíróníkà, ó sì ń lo ìwé Sámúẹ́lì. Ó jẹ́ pé ẹni tó ń tún ìtàn sọ ní àkókò tirẹ̀ kò lè gbé e lẹ́nu mọ́ pé Ọlọ́run ló ti ènìyàn sínú ẹ̀ṣẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yóò jẹ ẹ́ níyà lé lórí. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ìyípadà yẹn kọ́ wa ní ohun tí àkójọ ìtakora ẹgbẹ̀rún kan kò lè kọ́ wa: bí èrò àwọn ènìyàn yẹn nípa Ọlọ́run ṣe ń dàgbà.

Iye ọdún ìyàn ńkọ́? Ìtumọ̀ Gíríìkì àtijọ́ ti Sámúẹ́lì náà kọ mẹ́ta síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ adàwékọ ló yẹ̀ lórí èyí. Nítorí náà, nínú ìyàtọ̀ mẹ́rin, ọ̀kan lè jẹ́ àṣìṣe ọwọ́, ọ̀kan jẹ́ àtúnṣe tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ẹ má kó gbogbo wọn sínú agbọ̀n kan.

Ọ̀rọ̀ tí a túmọ̀

Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òsoògùn, ló ṣáájú nínú iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá. Ìwé Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì ní 1884. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni àwọn atúmọ̀ lò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ẹnu àwọn Mùsùlùmí Yorùbá wá: àdúrà, wòlíì, àlùfáà, ìwàásù. Ìpinnu tó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀ ni Èṣù. Ní Mátíù 4:1, ọ̀rọ̀ Gíríìkì ibẹ̀ túmọ̀ sí abanijẹ́, afẹ̀sùn-èké-kanni. Bíbélì Yorùbá fi orúkọ òrìṣà tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run síbẹ̀. Bí ẹ bá ń ka ibẹ̀ ní Ifẹ̀, ẹ fi "abanijẹ́" dípò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbọ́ bó ṣe dún. Kò sí ohunkóhun nínú ìwé Mátíù tó mọ Èṣù ti Ifá. Ìtumọ̀ ló so wọ́n pọ̀.

Fún Hébérù àti Gíríìkì, Bible Hub àti Blue Letter Bible ń fi ọ̀rọ̀ ìpilẹ̀ hàn lábẹ́ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún àṣìṣe kan: ẹ má mú gbogbo ìtumọ̀ tí ìwé atúmọ̀ tò sílẹ̀ kí ẹ wá yan èyí tó wù yín. Ẹ wo ibi mẹ́ta mìíràn tí ìwé kan náà ti lo ọ̀rọ̀ yẹn.

Àìsáyà 7:14 yẹ kí gbogbo ènìyàn ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ka 7:1 dé 16 pa pọ̀. Ọba Áhásì ń bẹ̀rù ọba méjì. Àmì náà ni pé kí ọmọ tí wọ́n ń sọ náà tó mọ rere yàtọ̀ sí búburú, ilẹ̀ ọba méjì yẹn á ti di ahoro. Ọ̀rọ̀ Hébérù ibẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tó ti tó ọkọ fẹ́. Ìtumọ̀ Gíríìkì àtijọ́ ló sọ ọ́ di wúńdíá, ìtumọ̀ yẹn ni Mátíù 1:23 sì mú lò.

Ọjọ́ orí tó fara pa mọ́ sínú ìwé

Bí ẹnì kan bá mú lẹ́tà kan wá tó ní wọ́n kọ ní 1975, tí lẹ́tà náà sì sọ pé "mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Obafemi Awolowo University ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun", ẹ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọn kò kọ ọ́ ní 1975. University of Ife ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́ títí di 1987, wọn kò sì tíì dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ títí di 1991. Ohun kan náà ni Jẹ́nẹ́sísì 14:14, tó ní Ábúráhámù lépa àwọn ọ̀tá dé Dánì. Ẹ ṣí Àwọn Onídàájọ́ 18:29: Láíṣì ni ìlú yẹn ń jẹ́, ìran Dánì, ọmọ-ọmọ Ábúráhámù lọ́nà jíjìn, ló wá pa orúkọ rẹ̀ dà lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Jẹ́nẹ́sísì 36:31 náà dárúkọ àwọn ọba tó jẹ "kí ọba kankan tó jẹ lórí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì". Ẹni tó ń kọ ọ́ ti mọ̀ pé ọba ti jẹ ní Ísírẹ́lì. Ẹ má sọ pé èyí fi hàn pé gbogbo ìwé náà jẹ́ ti ìkẹyìn. Adàwékọ lè fi orúkọ tuntun rọ́pò ti àtijọ́ kí àwọn ènìyàn lè mọ ibi tí à ń sọ. Ohun tó dájú ni pé ọwọ́ kan kan kàn án lẹ́yìn náà.

Ohun tí ìwé àfọwọ́kọ sọ, ohun tí ilẹ̀ sọ

Àlàyé ìsàlẹ̀ ojú-ewé NRSV ni ẹ máa lò fún ìwé àfọwọ́kọ. Àwọn ibi mẹ́ta tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: Máàkù 16:9–20 kò sí nínú Codex Sinaiticus àti Codex Vaticanus, ìwé àfọwọ́kọ méjì ti ọ̀rúndún kẹrin, ìtàn obìnrin tí wọ́n mú nínú panṣágà, Jòhánù 7:53–8:11, kò sí nínú àwọn tó pẹ́ jù, ọ̀rọ̀ nípa Baba, Ọ̀rọ̀ àti Ẹ̀mí Mímọ́ tó ń jẹ́rìí ní ọ̀run, ní Jòhánù Kìíní 5:7, kò sí nínú ìwé Gíríìkì àtijọ́ kankan tó ṣeé gbára lé. Ẹ wo ohun tí Bíbélì kọ̀ọ̀kan tó wà lọ́wọ́ yín ṣe sí ibẹ̀. Codex Sinaiticus fúnra rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè rí òpin Máàkù pẹ̀lú ojú ara yín.

Fún ohun tí ilẹ̀ sọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Hesekáyà. Ní ọdún 701 ṣáájú ìbí Kristi, Senakéríbù ọba Ásíríà gbógun ti Júdà. Àkọsílẹ̀ tirẹ̀ wà lára amọ̀ sísun olójú mẹ́fà ní British Museum: ó ní òun gba ìlú olódi 46, òun sì sé Hesekáyà mọ́ Jerúsálẹ́mù bí ẹyẹ inú àgò. Ìwé Àwọn Ọba Kejì 18:14 ní Hesekáyà san tálẹ́ńtì wúrà 30 àti fàdákà 300. Senakéríbù ní wúrà 30 àti fàdákà 800. Wúrà bára mu. Bíbélì ní áńgẹ́lì pa 185,000 nínú ọmọ ogun rẹ̀. Senakéríbù kò sọ̀rọ̀ ikú kankan, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun wọ Jerúsálẹ́mù rárá. Ibi tí ọ̀tá méjì bá ti fẹnu kò ni ilẹ̀ ti le jù lábẹ́ ẹsẹ̀. Ibi tí oníkálukú ti ń yin ara rẹ̀, ẹ rọra. Ìwé lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí wà ní ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi ní OAU. Bí ẹ kò bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ẹnu ọ̀nà ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àlejò.

Nísinsìnyí, ẹ ṣí ìwé oníyèméjì

Ẹ fa òpó mẹ́ta: "ó dúró", "ó yẹ̀", "ó kù". Gbogbo ẹ̀sùn tí Skeptic's Annotated Bible bá fi kan orí tí ẹ kà, ẹ gbé e sínú ọ̀kan, pẹ̀lú ìdí. Ọ̀pọ̀ yóò dúró. Ẹ̀sùn lórí ìtàn Dáfídì dúró. Òmíràn á yẹ̀, àwọn ọ̀nà tó sì ń gbà yẹ̀ kò pọ̀.

Ọ̀kan ni Gẹ̀ẹ́sì King James. Ìwé Númérì 23:22 nínú rẹ̀ dárúkọ ẹṣin oníwo kan inú àlọ́, wọ́n sì ń fi Bíbélì ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹran ìgbẹ́ oníwo tó lágbára, bíi màlúù ẹhànnà, ni Hébérù ń sọ. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kọ àgbáńréré síbẹ̀. Atúmọ̀ ni ẹ̀sùn yẹn bá.

Òmíràn ni fífi ìpín sáyẹ́ǹsì òde òní wọn ènìyàn àtijọ́. Léfítíkù 11 ka àdán mọ́ ẹyẹ. Kí ló burú? Ohun tó ń fò ni ọ̀rọ̀ Hébérù náà túmọ̀ sí. Àwọn baba wa tó ní àdán kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ, kò sí nínú kíláàsì báyọ́lọ́jì nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ojú wọn sì mọ́.

Ìkẹta ni gígé ẹsẹ kúrò lórí igi rẹ̀. Lúùkù 19:27, "ẹ mú àwọn ọ̀tá mi wá, kí ẹ pa wọ́n níwájú mi", ẹnu ọba inú òwe ló ti jáde. Ẹ lè bínú sí òwe náà, ó yẹ kí ẹ bi í léèrè gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé Jésù ló ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. "Wúńdíá ló bí Horus ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá": kò sí ìwé Íjíbítì àtijọ́ kankan tó sọ bẹ́ẹ̀, Ísísì ìyá rẹ̀ lóyún fún Òsírísì ọkọ rẹ̀ ni. "Àpérò Nísíà ní 325 ló yan àwọn ìwé inú Bíbélì": ọ̀rọ̀ Áríúsì, àlùfáà tó ní Ọlọ́run ló dá Jésù, àti ọjọ́ Àjíǹde ló gbé àwọn bíṣọ́ọ̀bù débẹ̀. Àkójọ ìwé 27 Májẹ̀mú Tuntun bí a ṣe mọ̀ ọ́n wà nínú lẹ́tà Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Alexandria, ti 367. Irọ́ tó bá gbè wá lẹ́yìn ló yẹ kó bí wa nínú jù, nítorí òun ni kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà wá gbọ́ nígbà tí a bá sọ òótọ́.

Kùránì

Ètò rẹ̀ yàtọ̀. Sura 114 ni, wọn kò sì tò ó bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ẹ wo orí sura bóyá Mẹ́kà ni tàbí Mẹ̀dínà kí ẹ tó fi ẹsẹ méjì wéra. Ìwé náà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé àṣẹ lè rọ́pò àṣẹ (2:106). Ẹ wò ó ní 8:65 àti 66: ogún onísùúrù yóò borí igba, ẹsẹ tó tẹ̀lé e ní Ọlọ́hun ti mú un fúyẹ́, ọgọ́rùn-ún yóò borí igba. Ọtí náà bẹ́ẹ̀: 2:219, 4:43, 5:90, ẹ kà wọ́n tẹ̀léra. Oníyèméjì tó bá tò wọ́n sílẹ̀ bí ìtakora láìsọ̀rọ̀ naskh, ìyẹn àṣẹ tó rọ́pò àṣẹ, kò tíì bá ohun tí àwọn àáfà ń sọ jà.

Ní ti ìtumọ̀, ẹ fi bíró pupa yí gbogbo ọ̀rọ̀ inú àkámọ́ ká. Ti atúmọ̀ ni wọ́n. Ní 4:34, Yusuf Ali fi ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí "fẹ́ẹ́rẹ́" sínú àkámọ́ lẹ́yìn "ẹ lù wọ́n". Kò sí nínú Lárúbáwá. Warsh àti Hafs jẹ́ ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà ka Kùránì. Bí àáfà yín bá ní ẹ̀dà Warsh, ẹ ní kó ṣí Fátíhà ẹsẹ tó dárúkọ Ọjọ́ Ẹ̀san fún yín, kí ẹ gbé ti Hafs sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Warsh kà á bí "Ọba", Hafs bí "Ẹni tó ni ín".

Ifá

Ẹnu ni ìwé Ifá, nítorí náà ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ inú fóònù ló dípò fọ́tòkọ́pì. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Odù 256 ló wà. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ gba ẹsẹ kan náà lẹ́nu babaláwo méjì tí kò kọ́ Ifá lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, kí ẹ kọ wọ́n sí òpó méjì. Wande Abimbola ti fi hàn pé ẹsẹ Ifá ní apá mẹ́jọ. Orúkọ awo, ẹni tó wá dífá àti ohun tó gbé e wá kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àárín, níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹbọ àti ohun tó ṣẹlẹ̀, ni babaláwo ti lómìnira. Ẹ wá ìyàtọ̀ síbẹ̀. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gba ẹsẹ Ifá sílẹ̀ ní Ifẹ̀ yìí ní 1937 sí 1938, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1969. Ẹ lè fi ti òní wé tirẹ̀. Bí ẹsẹ kan bá dárúkọ àgbàdo tàbí tábà, ẹ rántí pé láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, lẹ́yìn 1492. Bí Òtúrá Méjì bá sọ̀rọ̀ ìmàle, Ìsìláàmù ti dé.

Bí ẹ bá fẹ́ bá àwọn ará ilé sọ ọ́

Kì í ṣe níbi ìsìnkú, kì í ṣe lójú àlejò, kì í ṣe láàárín ìsìn. Ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo, kì í ṣe ogún. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ka Sámúẹ́lì Kejì 24 pẹ̀lú Kíróníkà Kìíní 21, ó rú mi lójú. Báwo ni ẹ ṣe máa ń kà á?" Ẹ gbé ojú-ewé olópó méjì náà síwájú wọn kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Bó bá tuntun sí yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú wọn.

Iṣẹ́ tó kàn: òpó mẹ́rin, fún Mátíù 28, Máàkù 16, Lúùkù 24 àti Jòhánù 20. Ẹ kọ orúkọ àwọn obìnrin tó lọ sí ibojì, ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún àwọn yòókù. Máàkù ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ẹ sì dúró ní ẹsẹ 8.